Láti Abẹ́òkúta dé Etí Ọ̀sà Ìwòpin: Ìpadàbọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣètò

Bí ẹ bá ń gbèrò láti gbéra ní Abẹ́òkúta lọ pẹja, kí ẹ sì sun òru méjì nínú àgọ́ létí ọ̀sà níbi tí kò sí ilé, ẹ má tíì ra ìwọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọjọ́ àti agogo tí ẹ fẹ́ padà sílẹ̀, kí ẹ wá máa kà á bọ̀ sẹ́yìn títí ẹ ó fi dé agogo tí ẹ máa kúrò nílé. Àìrí ẹja pa kì í ba irú ìrìnàjò yìí jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ẹ̀yin àti afẹ́fẹ́ ọ̀sán pàdé láàárín omi.

Afẹ́fẹ́ náà ní ìdí. Ní ìdájí, ojú ọ̀sà máa ń pa rọ́rọ́ nítorí pé ilẹ̀ ti tutù láti òru. Bí oòrùn bá ti ń mú, ilẹ̀ á yára gbóná ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gbéra sókè, afẹ́fẹ́ tútù á sì máa wọlé láti òkun, láti apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti gba ipò rẹ̀. Láti nǹkan bí agogo 12 ló ti ń le sí i. Nígbà tó bá fi máa di agogo 3, ìgbì àárín ọ̀sà ti lè máa ta omi sínú ọkọ̀ kékeré tó kún fún ẹrù. Ìdí nìyí tí a kì í fi yẹ ìlànà yìí: ní àlọ, kí ẹ ti gúnlẹ̀ kí agogo 11 àárọ̀ tó lù, ní àbọ̀, kí ẹ ti wọ ọkọ̀ ní agogo 6:30. Ti alẹ́ kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀, torí ìjọba kò fọwọ́ sí kí ọkọ̀ máa rìn lórí omi lóru.

Ẹ wo bí ó ṣe rí tí a bá kà á sẹ́yìn. Bí Ọjọ́ Àìkú bá jẹ́ ọjọ́ ìpadàbọ̀, Ọjọ́ Ajé gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹ má fi bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn, nítorí bí ìjì bá dá yín dúró láàárọ̀ Àìkú, ẹni tó ní ìpàdé lọ́jọ́ kejì ni yóò máa rọ̀ yín pé kí ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀. Òru Ẹtì àti òru Àbámẹ́ta ni ẹ máa sùn nínú àgọ́. Kí ẹ lè wà lórí omi ní agogo 9 àárọ̀ Ẹtì, ẹ má gbójú lé pé ẹ máa jí kúrò ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ wọ mọ́tò ní Kútọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ẹ gba Ṣàgámù, kí ẹ sì sùn sí Ìjẹ̀bú-Òde. Owó yàrá òru kan yẹn kéré sí ohun tí eré àsápajúdé lójú ọ̀nà lè gbà lọ́wọ́ yín.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gba orí ilẹ̀ lọ sí agbègbè Àbígí, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, kí ẹ sì já sí Ìwòpin létí Ọ̀sà Lẹ́kì. Ẹ sì lè lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí ẹ wọ ọkọ̀ níbẹ̀. Tiwa ni pé kí ẹni tó ní ẹrù púpọ̀ gba orí ilẹ̀. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ rọrùn fún mọ́tò, ṣùgbọ́n ó ń sọ wákàtí orí omi di púpọ̀, wákàtí orí omi sì ni epo, òun náà ni ewu.

Nípa omi fúnra rẹ̀: Ọ̀sà Èkó ní iyọ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ẹnu ọ̀nà tó ní sínú òkun ní èbúté Èkó. Ọ̀sà Lẹ́kì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yẹn, Odò Ọ̀ṣun sì ń tú omi dídùn sínú rẹ̀, nítorí náà omi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀. Èyí ló ń sọ irú ẹja tí ẹ máa bá: ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, àrọ̀. Ẹ má ra ohun èlò ìpẹja òkun ńláńlá lọ síbẹ̀ nítorí kúta.

Àìníyọ̀ omi yìí náà ló ń fa wàhálà kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò tẹ́lẹ̀. Ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó, tó ń bo ojú omi bí ẹní, kì í fẹ́ iyọ̀. Bí iyọ̀ bá ti wọ apá ibi tó súnmọ́ òkun ní ẹ̀ẹ̀rùn, á máa kú níbẹ̀. Nínú omi dídùn kò sí ohun tó ń lé e. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í kiri. Ẹ lè gba ẹnu ọ̀nà tóóró kan wọlé lọ́sàn-án, kí ẹ jí láàárọ̀ kí ewéko ti dí i pátápátá. Torí náà, kí ẹ tó pàgọ́, ẹ bi atukọ̀ léèrè bóyá ibẹ̀ ní ọ̀nà àbájáde kejì, tàbí bóyá èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé abúlé. Bí kò bá sí ọ̀kankan, ẹ wá ibòmíràn.

Àsìkò tó dára jù ni láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Ilẹ̀ gbẹ, ojú ọ̀nà ṣeé rìn, omi ti fà, ẹja sì ń kó ara wọn jọ síbi tó jìn. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ra fún ní àsìkò ọyẹ́ ni ìkùukùu òwúrọ̀ tó lè bo ọ̀sà débi pé ẹ kò ní rí imú ọkọ̀. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé lágogo 6:30, ẹ jókòó. Ó sábà máa ń ká kí agogo 9 tó lù, àyè sì ṣì wà kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó dé. Ìgbà òjò àkọ́rọ̀, ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, àti ìgbà àrọ̀kúrò, ni ìjì òjijì pọ̀ jù. Ìjì wọ̀nyí kì í bá afẹ́fẹ́ òkun wá. Ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń ṣú wá. Nítorí náà ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò ní ìlà-oòrùn. Bí ojú ọ̀run bá dúdú níbẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ sì dáwọ́ dúró lójijì, ẹ ká ìwọ̀ kí ẹ sì wá etí omi lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de òtútù tó máa tẹ̀ lé e, torí tó bá ti kàn yín lára, ìjì ti dé nìyẹn.

Ní ti ọkọ̀, ẹ má bá atukọ̀ dúnàádúrà owó tán kí ẹ tó wo ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbé ẹrù àti èèyàn sínú rẹ̀ ní etí omi, kí ẹ wá wọn ohun tó kù láti ojú omi dé etí ọkọ̀ níbi tó lọ sílẹ̀ jù. Kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ntímítà 30. Tó bá dín, ẹ yọ ẹrù tàbí kí ẹ yọ èèyàn. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá a lára mu, kí ó sì wọ̀ ọ́, kí ó má fi jókòó. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó bá yín mu ni pé kí ẹlòmíràn di èjìká rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, kí ó fà á sókè. Bó bá kọjá etí yín, inú omi ni yóò ti bọ́ lọ́rùn yín.

Epo ni kí ẹ fi ìdá mẹ́ta pín: ìdá méjì fún àlọ, àbọ̀ àti kíkáàkiri pẹja, ìdá kẹta fún ohun tí a kò mọ̀. Ẹ́ńjìnì alágbára ẹṣin 15, tó jẹ́ irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, máa ń jẹ nǹkan bí lítà 6 ní wákàtí kan bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Ti 40 lè jẹ lítà 15. Ká ní ẹ́ńjìnì 15 lẹ ní, wákàtí 1 ni àlọ, wákàtí 1 ni àbọ̀, ẹ ó sì fi wákàtí 3 káàkiri pẹja fún ọjọ́ méjèèjì. Wákàtí 5 nìyẹn, lítà 30. Èyí ni ìdá méjì. Ẹ fi lítà 15 kún un, ó di 45, èyí tí kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì máa gbà. Lítà 50 epo ń fẹ́ lítà 1 ọ́ìlì, kẹ́ẹ̀gì kan ń fẹ́ ìdajì lítà. Ẹ kọ́kọ́ po ọ́ìlì náà mọ́ epo díẹ̀, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ tó da ìyókù lé e. Bí ẹ bá kàn dà á sórí epo tó ti kún kẹ́ẹ̀gì, á lọ kó jọ sísàlẹ̀, ẹ́ńjìnì á wá mu epo tí kò ní ọ́ìlì, inú rẹ̀ á gbóná, á sì gan. Ọ́ìlì àpọ̀jù náà kò dára, púlọ́ọ̀gì ló máa ń bàjẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnì kan wà tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo wọn rárá, torí náà ẹ bi atukọ̀ kí ẹ tó pò ó.

Púlọ́ọ̀gì tuntun 2 àti sípánà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀, nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ máa wo omi tó ń tú jáde bí okùn lẹ́yìn rẹ̀. Omi yẹn ló ń tù ú lára. Tó bá dáwọ́ dúró, ewéko tàbí ọ̀rá ló ti dí ihò tó ń fa omi. Ẹ pa ẹ́ńjìnì kí ìṣẹ́jú 1 tó pé, ẹ gbé e sókè kúrò nínú omi, ẹ fi ọwọ́ yọ ìdọ̀tí náà. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń wọ́ wálé, ohun tó pa wọ́n kò ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo lọ. Àjẹ̀ méjì àti ọ̀pá ìtukọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bó ti wù kí ẹ́ńjìnì náà jẹ́ tuntun tó.

Ó wá kan ìwọ̀. Nọ́ńbà ara ìwọ̀ máa ń da ẹni tó ń rà á láàmú: èyí tí kò ní òdo lẹ́yìn, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ ló ń kéré; èyí tó ní òdo lẹ́yìn, bó bá ṣe ń pọ̀ ló ń tóbi. Fún ẹpìyà, ẹnu rẹ̀ kéré, 8 tàbí 10 ni. Fún ọ̀bọ̀kún, 1/0. Fún àrọ̀ ńlá, 3/0. Ìwọ̀ kì í wọ́n, ẹ ra 20 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ìtàkùn abẹ́ omi máa gba púpọ̀ nínú wọn. Okùn tó lè gbé kílò 4 tó fún ẹpìyà. Fún ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀, kí ó lè gbé tó kílò 10 sí 12.

Ọ̀bọ̀kún ń jẹun nísàlẹ̀ omi, ó sì ń jẹun jù láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru. Ẹ jẹ́ kí òjé oníhò, gíráàmù 30 sí 60, máa yọ̀ lórí okùn, kí kókó kékeré kan dá a dúró ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà 40 sí ìwọ̀. Ìdí tí òjé fi gbọ́dọ̀ máa yọ̀ ni pé tí ẹja bá gbé ìdẹ, okùn nìkan ni yóò máa fà láìmọ̀ pé ohun wúwo kan wà níbẹ̀. Bí ẹ bá so òjé náà gan-an, á mọ ìwúwo rẹ̀, á tu ìdẹ dànù kí ẹ tó mọ̀ pé ó dé. Ẹpìyà yàtọ̀: ìléfòó kékeré, ìwọ̀ ní mítà 1 sísàlẹ̀, lẹ́bàá ewéko, láàárọ̀ kùtù tàbí nígbà tí oòrùn bá ń rọ̀. Búrẹ́dì tí ẹ fi òróró díẹ̀ pò tó fi le ni ó fẹ́ràn, tàbí ekòló tí ẹ gé wẹ́wẹ́. Àrọ̀ ń tẹ̀ lé òórùn. Ìfun adìyẹ ni kí ẹ fún un.

Ekòló, ilé ni kí ẹ ti wà á, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Ẹ fi erùpẹ̀ rẹ̀ sínú ike tí ẹ lu ideri rẹ̀ nihò, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ gbé e síbi òjìji. Bí ẹ bá dì í sínú ọ̀rá tí ẹ sì gbé e sínú bùútù mọ́tò láti Abẹ́òkúta, òkú ekòló lẹ máa gbé dé Ìjẹ̀bú-Òde. Edé tútù ni ẹ lè rà lọ́wọ́ àwọn apẹja nígbà tí ẹ bá dé etí omi.

Kókó tí ẹ fi so ìwọ̀ ló ń já jù, kì í ṣe okùn. Ẹ ki okùn bọ ojú ìwọ̀, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́ ara okùn nígbà 5 tàbí 6, ẹ wá dá ẹnu rẹ̀ padà gba ojú kékeré tó wà lẹ́bàá ìwọ̀. Kí ẹ tó fà á, ẹ fi itọ́ tútù sí i. Okùn gbígbẹ tó bá ń ra ara rẹ̀ máa ń gbóná, ooru yẹn á sì dín agbára rẹ̀ kù gan-an níbi tí ẹ kò lè fojú rí. Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, kí àwọn ìlọ́ náà tò gẹ́gẹ́ bí orùka.

Ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún ni kí ẹ fi tọkàntọkàn bẹ̀rù. Ọ̀kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀, wọ́n ní eyín bí ayùn. Ẹ tẹ ẹja náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àkísà tútù, kí ẹ fi irin yọ ìwọ̀. Bó bá gún yín, ẹ fọ ojú rẹ̀ pẹ̀lú omi mímọ́ àti ọṣẹ, kí ẹ wá ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná tí ọwọ́ kejì tí kò ṣèṣe lè gbà, fún ìṣẹ́jú 30 sí 90. Ooru ń dín ìrora irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ kù. Bí ìdá rẹ̀ bá ṣẹ́ sínú tàbí tí ọwọ́ bá wú sí i, ilé ìwòsàn ni.

Kí ẹ tó pàgọ́, ẹ lọ kí Baálẹ̀ abúlé tó súnmọ́ ibẹ̀. Ẹ sọ iye tí ẹ jẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ máa lọ, kí ẹ sì béèrè ibi tí èèyàn kì í pẹja sí. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ ti òrìṣà. Bákan náà, ẹ máa rí àwọn igi tí wọ́n gún sínú omi lápapọ̀ kí ẹja lè fi ṣe ibùgbé. Ẹni kan ló ni wọ́n, iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni. Ẹ má ju ìwọ̀ síbẹ̀.

Ẹ wo ara igi fún ìlà tí omi fi sílẹ̀ nígbà tó kún, kí àgọ́ yín ga ju ìlà náà lọ ní ó kéré tán mítà 1. Kò gbọdọ̀ sí àgbọn tàbí ẹ̀ka gbígbẹ lókè orí yín, ẹ má sì súnmọ́ igi tó ga jù ládùúgbò nítorí mànàmáná. Èèkàn tó ń bá àgọ́ wá, ẹ ó rí i pé ó ṣòroó kàn mọ́ ilẹ̀ olókùúta Abẹ́òkúta nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, ẹ ó sì rò pé ó lágbára. Nínú iyanrìn etí ọ̀sà, fífà kan á yọ ọ́. Dípò rẹ̀, ẹ rọ iyanrìn kún àpò kékeré, ẹ so okùn àgọ́ mọ́ àárín rẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ntímítà 40, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìbú, ẹ tẹ ilẹ̀ le lórí rẹ̀. Ìjì ló máa ya àgọ́ kí ó tó lè yọ ìyẹn. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ da garawa omi méjì lé àgọ́ náà lórí. Ibi tó bá ń jò á fara hàn.

Omi mímu: lítà 5 fún ẹnì kan lójúmọ́, pẹ̀lú ti oúnjẹ. Èèyàn 3 fún ọjọ́ 3 jẹ́ lítà 45. Ẹ fi lítà 15 kún un nítorí Ọjọ́ Ajé yẹn, ó di 60. Báàgì píọ̀ wọ́tà 6 nìyẹn, bí ọ̀rá 20 bá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má mu omi ọ̀sà láìsè é. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnikẹ́ni, ṣúgà ṣíbí kékeré 6 tó tẹ́jú àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré nínú lítà 1 omi mímọ́, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Àwa ará Abẹ́òkúta kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn àtọ̀sí ajá fún wa. Agbègbè adágún Ọ̀yán nìyẹn. Àrùn náà ń ti ara ìgbín omi wá, nínú omi dídùn tí kò ṣàn, lẹ́bàá ewéko, ibi tí èèyàn sì máa ń fẹ́ fi ẹsẹ̀ wọ̀ láti sọ ìwọ̀ nìyẹn. Bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún ni kí ẹ wọ̀, ẹ má sì wẹ̀ nínú ọ̀sà. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn gbọ́dọ̀ wà fún ẹni tí kò bá sùn sínú àgọ́, kí gbogbo yín sì wọ ẹ̀wù alápá gígùn láti agogo 6 ìrọ̀lẹ́.

Oúnjẹ kò ṣòro. Láfún kò wúwo, kò sì ń bàjẹ́ bí omi kò bá kàn án. Gàrí, ata gígún, iyọ̀, òróró, àlùbọ́sà. Sítóòfù kékeré dára ju kí ẹ máa gé igi ìgbẹ́ onígbẹ́ lọ.

Ẹja tí ẹ máa gbé wálé ló ń béèrè ìrònú. Kílò kan yìnyín fún kílò kan ẹja. Yìnyín ńlá ni kí ẹ rà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe wẹ́wẹ́, torí wẹ́wẹ́ ń yára yọ́. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bo kúlà, ẹ gbé e síbi òjìji, ẹ má sì fi omi mímu sínú rẹ̀; gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí i ni ooru ń wọlé. Ẹja tí ẹ bá pa lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ yan án. Kìkì ti alẹ́ Àbámẹ́ta ni kí ó wọ kúlà, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ìfun àti ìjàgbọ̀n rẹ̀, tí ẹ sì ti fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn egungun rẹ̀. Ẹ máa tú omi ẹlẹ́jẹ̀ tó bá yọ́ dànù, òun ló ń mú kí ẹja rùn. Bí yìnyín bá tán kí àkókò tó pé, iyọ̀ kílò 1 fún ẹja kílò 3 tí ẹ là sí méjì. Èyí tó bá ní ẹyin nínú, ẹ dá a padà sómi kí ó tó kú.

Ohun tó kù ni ìwé kan tí ẹ máa fi sílẹ̀ nílé lálẹ́ Ọjọ́rú, lọ́wọ́ ẹni tí kò ní bá yín lọ, tó sì máa ń gbé fóònù. Ẹ kọ orúkọ gbogbo yín, orúkọ àti nọ́ńbà atukọ̀, àwọ̀ ọkọ̀, abúlé tí ẹ máa ti kí Baálẹ̀, àti ibi tí àgọ́ máa wà sí i. Ẹ kọ pé agogo 9 àárọ̀ Àìkú ni ẹ máa pè. Bí ẹ kò bá pè títí agogo 2 ọ̀sán, kí ó pe atukọ̀. Bí kò bá rí i bá sọ̀rọ̀ títí agogo 4, kí ó pe 112, kí ó sì ka ohun tó wà nínú ìwé náà fún wọn. Bí ìkùukùu tàbí ìjì bá dá yín dúró, ẹ fi fóònù tí ẹ ti pa láti òru ránṣẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú láti ibi tó ga jù. Ọ̀rọ̀ kúkúrú máa ń kọjá níbi tí ìpè kò ti lè kọjá.